Hiab “tọ́ọ̀nù mẹ́wàá” fẹ́ gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta, ó fẹ́ dojú dé: kí ló fà á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ìbàdàn ni mo wà. Mo ní lọ́rì Hiab kan, ìyẹn lọ́rì tí kréènì wà lórí rẹ̀, tí mo fi ń bá àwọn oníṣòwò gbé jẹnẹrétọ̀, táǹkì omi àti irin. Tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni, nọ́ńbà 10 sì wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Lóṣù tó kọjá, a lọ gbé jẹnẹrétọ̀ 250 kVA kọjá lórí fẹ́ǹsì sínú ọgbà ilé kan. Wọ́n kọ 2,600 kílò sára rẹ̀. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ há, nítorí náà a ò rí ẹsẹ̀ irin tó ń gbé Hiab dúró lápá fẹ́ǹsì fà jáde, a kàn sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tó wà. Bí awakọ̀ mi ṣe na apá ẹ̀rọ kọjá fẹ́ǹsì, ẹsẹ̀ yẹn rì, táyà òdìkejì kúrò nílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì já lé fẹ́ǹsì lórí. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó fara pa.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Báwo ni ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ò ṣe lè gbé ohun tí kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta? Ṣé òótọ́ ni pé tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá gun òdìkejì lọ́rì, kò ní ṣubú? Awakọ̀ mi ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé lọ́jọ́ yẹn, àwọn ò pọ̀ tó ni. Paríparí rẹ̀, aláàmù kan wà tó máa ń dún, tí ẹ̀rọ á sì dá dúró fúnra rẹ̀. Rìwáyà ti bá wa yọ wáyà rẹ̀ látìgbà tí a ti rà á. Ṣé kí n dá a padà?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ewu, ẹ sì bá mi kí awakọ̀ yín náà kú ewu. Fẹ́ǹsì ṣeé tún mọ.

Nọ́ńbà 10 tó wà lára ẹ̀rọ yín kì í ṣe ìwọ̀n ẹrù. Tọ́ọ̀nù-mítà ni. Ẹ máa wo ohun méjì pọ̀: ìwọ̀n ẹrù, àti bí ẹrù náà ṣe jìnnà tó sí òpó àárín tí apá ẹ̀rọ ń yí lé lórí. Tí ẹ bá sọ méjèèjì di púpọ̀ ara wọn, èsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Bí ẹrù bá wà ní mítà 2 sí òpó yẹn, ẹ̀rọ yín lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5. Ní mítà 4, ó di tọ́ọ̀nù 2.5. Ní mítà 8, tọ́ọ̀nù kan lé díẹ̀ ló kù. Ìṣirò orí ìwé lásán sì nìyẹn. Ohun tó máa gbé ní ti gidi kéré sí i, nítorí pé apá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wúwo, bó bá sì ṣe ń nà lọ ni òun náà ń di ẹrù. Ẹni tó bá ti pọn omi rí mọ èyí. Gálọ̀ọ̀nù tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan kò ṣòro gbé, àmọ́ kí èèyàn gbé gálọ̀ọ̀nù kan náà kí ó wá na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ síwájú, kò ní pẹ́ tí èjìká á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ni wọn ò mọ ìyàtọ̀ yìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú wọn kì í sì fẹ́ ṣàlàyé, torí “tọ́ọ̀nù mẹ́wàá” dùn gbọ́ létí oníbàárà. Àwọn ẹ̀rọ tó ti Yúróòpù wá ló sábà máa ń lo tọ́ọ̀nù-mítà. Àwọn tó ti Japan wá, bíi Unic àti Tadano tí apá wọn máa ń nà tààrà, ìwọ̀n ẹrù gan-an ni wọ́n sábà máa ń kọ sí tiwọn lára. Ẹ máa rí 2.93 lára púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n 2.93 yẹn, ìgbà tí ẹrù bá sún mọ́ òpó tímọ́tímọ́ nìkan ni. Ẹni tó bá rà á tó rò pé tọ́ọ̀nù mẹ́ta lòun á máa gbé síbi tó bá wù òun, àṣìṣe kan náà ló ṣe, ó kàn gba ibòmíràn wọ̀ ọ́ ni.

Ibi tí òótọ́ wà ni tábìlì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára, nítòsí àwọn ọ̀pá tí awakọ̀ fi ń darí rẹ̀. Ó máa ń ya apá ẹ̀rọ ní oríṣiríṣi ìnà, á sì kọ kílò tó lè gbé sábẹ́ ibì kọ̀ọ̀kan. Lára tòkunbọ̀, oòrùn ti sábà máa ń jẹ ẹ́, tàbí kí àwọn tó kun mọ́tò ti kun ún pa. Tí ti yín ò bá sí mọ́, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà tó wà lára àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ìdí òpó náà, kí ẹ fi béèrè tábìlì yẹn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí aṣojú wọn. Tábìlì tí ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ tó kàn “jọ ọ́” kò wúlò. Ẹ̀rọ méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí apá ọ̀kan fi mítà mẹ́rin gùn ju ti èkejì lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ti ọjọ́ yẹn.

Ẹ ní 2,600 kílò ni wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ìwọ̀n rẹ̀ láìsí epo ni, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lítà dísùù kan wúwo tó nǹkan bíi kílò 0.84. Tí ọ̀gá tó rà á bá ti ní kí wọ́n rọ lítà 400 sí i kí wọ́n tó gbé e wá, kílò 336 tún ti wọ inú rẹ̀. Ẹ wá fi húùkù, bẹ́líìtì àti ṣéènì kún un. Gbogbo ohun tó bá rọ̀ mọ́ orí apá ẹ̀rọ ni tábìlì yẹn kà sí ẹrù. Tọ́ọ̀nù 3 ni mo máa pè é. Láti òpó Hiab dé ibi tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ sí lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ ká sọ pé mítà 4.5 ni, fún lọ́rì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, mi ò rò pé ó lè dín sí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta lọ́nà 4.5 jẹ́ 13.5. Mẹ́wàá ni ẹ̀rọ yín. Ká ní aláàmù tí ẹ yọ yẹn ń ṣiṣẹ́ ni, ì bá ti dá apá ẹ̀rọ dúró kó tó kọjá orí fẹ́ǹsì rárá.

Ìyẹn ni pé ẹrù náà pọ̀ jù fún ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló mú táyà kúrò nílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹrù pọ̀ jù fún lè kọ̀ láti gbé e, ó lè tẹ̀, páìpù ọ́ìlì rẹ̀ lè bẹ́. Kí odindi lọ́rì tó yí, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ti wọ̀ ọ́.

Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ apá fẹ́ǹsì fi ìdí múlẹ̀ bí ibi tí gbogbo lọ́rì fẹ́ yí gbà. Ohun tó wà lẹ́yìn ojú ibẹ̀, ìyẹn lọ́rì fúnra rẹ̀, ń fà á padà. Ohun tó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ẹrù, ń fà á ṣubú. Ká sọ pé lọ́rì yín àti kréènì orí rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 9 nígbà tí ẹrù ti kúrò lórí pẹpẹ rẹ̀. Tí ẹ bá fa ẹsẹ̀ yẹn jáde tán, ó lè jìnnà tó mítà 2.5 sí àárín lọ́rì. Lọ́rì á fi 9 lọ́nà 2.5 fà á padà, ìyẹn 22.5. Ẹrù tó wà ní mítà 4.5 kọjá ojú ẹsẹ̀ náà ní mítà 2 péré, 3 lọ́nà 2, ó jẹ́ 6. Lọ́rì ò ní mira.

Ẹ wá ti ẹsẹ̀ yẹn wọlé bí ẹ ṣe ṣe é. Ó wá wà ní nǹkan bíi mítà 1.1 sí àárín lọ́rì. Ohun tó ń fà á padà di 9 lọ́nà 1.1, ìyẹn 9.9. Ẹrù wá kọjá ojú ẹsẹ̀ ní mítà 3.4, 3 lọ́nà 3.4, ó jẹ́ 10.2. Lọ́rì kan náà ni, ẹrù kan náà, awakọ̀ kan náà, àmọ́ lọ́rì ti pàdánù kó tó di pé ilẹ̀ rì rárá. Mi ò sì tíì ka ìwọ̀n apá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn nọ́ńbà tí mo lò lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti mọ́tò yín, ẹ fi ti yín rọ́pò wọn, ìṣirò náà ò ní yí padà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ẹsẹ̀ tí a kò fà jáde jẹ́ “ìdajì ààbò”. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tábìlì tó wà lára wọn ò tiẹ̀ ní ìtumọ̀ kankan àfi tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jáde tán, tí pínnì tó ń dè é sì ti wọlé. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan lè mọ̀ fúnra wọn pé ẹsẹ̀ ò jáde tán, wọ́n á sì dín agbára ara wọn kù lápá ibẹ̀. Ti yín ò mọ irú ìyẹn. Bí ojú ọ̀nà bá há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò lè jáde lápá ibi tí ẹrù ń lọ, iṣẹ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ Hiab yín lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan kan tún wà tó ń tan àwọn awakọ̀ jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹrù tó wà lórí pẹpẹ lọ́rì ló ń bá wọn tẹ lọ́rì mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù mẹ́rin, èyí àkọ́kọ́ á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí lọ́rì ti fúyẹ́. Ẹ máa kọ́kọ́ já èyí tó wúwo jù tàbí èyí tó máa lọ jìnnà jù.

Ẹ wá sọ pé ẹsẹ̀ náà rì. Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀? Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó lè jẹ́ pèpéle gọ́tà tí wọ́n fi kọnkéré bò, ó lè jẹ́ sọ́káwéè, ó lè jẹ́ yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi dí ibi tí páìpù omi gbà. Gbogbo wọn ló máa ń rí pẹrẹsẹ tí wọ́n sì jọ ilẹ̀ gidi. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ onílé, mo tún máa ń béèrè lọ́wọ́ gáàtìmáànù, torí gáàtìmáànù ló sábà máa ń mọ ibi tí ọkọ̀ ìkóṣálángá ń dúró sí.

Àwo irin tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ Hiab kéré. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 25 ni, tí tọ́ọ̀nù 6 sì bà lé e. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, ìyẹn dà bí ìgbà tí tọ́ọ̀nù 96 bá jókòó síbẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó ki dáadáa, tí òjò ò tíì rin, tọ́ọ̀nù 20 ni mo máa ń fún un, mi ò sì ní fún ilẹ̀ tí mi ò mọ̀ ní èyí tó tó bẹ́ẹ̀. Kí tọ́ọ̀nù 6 tó lè jókòó sórí irú ilẹ̀ yẹn láì rì, ó nílò pákó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 55 níbùú lóròó. Ẹ gé é ní 60 sí 60, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ó sì jẹ́ igi líle bí ìrókò. Pákó tín-ín-rín tí wọ́n fi ń da dẹ́kìn á tẹ̀ láàárín, ẹsẹ̀ á sì máa rì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ló tilẹ̀ burú jù nínú gbogbo ohun tí mo máa ń rí. Kì í tẹ̀ kí ó kìlọ̀ fúnni. Ó máa ń dúró gbọn-in títí á fi fọ́ lójijì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òkúta rọ ẹsẹ̀ nígbà tí ẹrù bá ti wà lókè.

Tí kòtò tàbí gọ́tà tí wọn ò bò bá wà nítòsí, ẹ wo bó ṣe jìn tó. Lórí ilẹ̀ tó ki, ẹ jẹ́ kí etí pákó jìnnà sí etí kòtò tó bí kòtò náà ṣe jìn tó, ó kéré tán. Lórí iyanrìn tàbí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó dà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ tán, ẹ gbé ẹrù sókè díẹ̀ péré, bíi kí ìwé kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹnì kan lọ wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tó máa rì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ tún máa ń fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbé lọ́rì títí gbogbo táyà á fi kúrò nílẹ̀, wọ́n rí i bẹ́ẹ̀ lára kréènì ńlá. Fún Hiab, táyà gbọ́dọ̀ ṣì máa fara kan ilẹ̀, torí bíréèkì ọwọ́ tó di lọ́rì mú kò lè di nǹkan kan mú nínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sẹ́nu táyà pẹ̀lú.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń gun òdìkejì lọ́rì. Mi ò ní sọ fún yín pé kò ní ipa kankan, torí awakọ̀ yín ti rí i tó ṣiṣẹ́ rí, kò sì ní gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọkùnrin márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n wúwo tó kílò 70, kílò 350 ni gbogbo wọn. Tí wọ́n bá dúró sí etí pẹpẹ, tí wọ́n jìnnà sí ojú ẹsẹ̀ tó bíi mítà 2.3, ohun tí wọ́n fi kún agbára lọ́rì jẹ́ nǹkan bí 0.8. Ẹ fi kún 9.9 ti ẹ̀ẹ̀kan, ó di 10.7. Ẹrù ń fi 10.2 fà á. Ẹ ò rí i? Lójú, ó dúró. Ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí, ẹrù tó dúró jẹ́ẹ́ la fi ṣe é. Kí awakọ̀ máa sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó tún tẹ ọ̀pá padà lójijì, ẹrù tọ́ọ̀nù 3 á fà bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, 0.8 tí àwọn ọmọ yẹn mú wá ti wọlẹ̀. Wọ́n wá wà lórí ohun tó ń yí. Tí bẹ́líìtì bá sì já, lọ́rì á ta padà sápá ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú ipá, á jù wọ́n nù bí ẹni gbọn ẹ̀wà. Nítorí 0.8! Ẹ sọ fún awakọ̀ yín pé lọ́jọ́ tó bá nílò èèyàn lórí lọ́rì kí iṣẹ́ tó lè lọ, ẹ̀rọ ti sọ fún un pé òun ò lè ṣe é.

Aláàmù ńkọ́? Ẹ dá a padà, kí ẹ tó gba iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe aláàmù lásán ni. Ó ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ń ti apá ẹ̀rọ tó. Bí ẹrù bá ti kọjá agbára rẹ̀, á pa gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ burú sí i, irú bíi nína apá síwájú, á sì fi èyí tó lè mú ẹrù súnmọ́ lọ́rì sílẹ̀ fún yín. Ní Yúróòpù, wọn kì í jẹ́ kí Hiab tó lè gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ jáde ní ilé iṣẹ́ láìní i. Ìdí tí àwọn rìwáyà wa fi ń yọ ọ́ ni pé ó “ń da iṣẹ́ dúró”. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́, tó ń dún nígbà tí kò sí ẹrù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí wò ó, kì í ṣe rìwáyà mọ́tò. Lẹ́yìn tó bá tún un ṣe, kí ó fi ẹrù tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò ní iwájú yín, kí ẹ rí i pé ó dá dúró níbi tó yẹ kó dá dúró. Àwọn fáàfù kan wà tí wọ́n fi òjé dè ní ilé iṣẹ́. Tí òjé náà bá ti já, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti mú agbára ọ́ìlì ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn sì burú ju aláàmù tí wọ́n yọ lọ, torí irin apá ẹ̀rọ ti ń jìyà rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ ò béèrè nípa iná, àmọ́ nínú gbogbo ohun tó ń pa àwọn tó ń lo Hiab, òun ni mo bẹ̀rù jù. Ojú ọ̀nà tó há tó ní fẹ́ǹsì, àfàìmọ̀ kí wáyà má kọjá níbẹ̀. Ti àdúgbò wa sábà máa ń jẹ́ 415 fóòtì nísàlẹ̀ àti 11 kV (ìyẹn fóòtì 11,000) lókè, ní ojú ọ̀nà ńlá sì ni 33 kV ti máa ń kọjá. Apá ẹ̀rọ kò tilẹ̀ nílò láti fọwọ́ kan wáyà ńlá. Iná á fò kọjá afẹ́fẹ́ wá bá a tó bá sún mọ́ ọn jù. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí kréènì jìnnà ní mítà 3, ó kéré tán, sí wáyà tí kò ju 50 kV lọ, bí ẹ kò bá sì mọ agbára wáyà, kí ẹ ṣe é ní mítà 6. Èyí tí mo máa ń lò ni mítà 6, torí mi ò rí ẹni tó ń dúró ka àwo ara òpó. Ẹ wọn jíjìnnà yẹn láti ibi tí apá ẹ̀rọ lè nà dé nígbà tó bá gùn jù, kì í ṣe ibi tí ẹ rò pé ẹ máa nà án dé.

“Wọ́n ti mú iná” kì í ṣe ààbò. Ẹ mọ ìlú tí a wà. Wọ́n lè dá a padà nígbà tí ẹrù yín wà ní ìdajì ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan sì lè máa ta iná padà sórí wáyà láti ilé rẹ̀. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè yẹra fún wáyà náà, ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ iná, ní Ìbàdàn IBEDC nìyẹn, kí wọ́n pa á kí wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ pé apá ẹ̀rọ kan wáyà, ẹni tó bá wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan lọ́rì tàbí ẹrù. Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀, kí ó dúró síbẹ̀. Àyàfi tí iná bá ń jó lọ́rì ni kí ó fò sílẹ̀, kí ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ara rẹ̀ má ṣe kan lọ́rì àti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ láì gbé wọn. Awakọ̀ Hiab tó dúró sílẹ̀ tó di ọ̀pá ìdarí mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì ni èyí máa ń mú jù, torí ọwọ́ rẹ̀ wà lára irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Ẹ ò sọ bí ẹ ṣe so jẹnẹrétọ̀ náà, bóyá bẹ́líìtì ló sì kọ́kọ́ já. Bẹ́líìtì aláwọ̀ tí wọ́n ṣe bí òfin Yúróòpù ṣe wí, àwọ̀ rẹ̀ ló ń sọ agbára rẹ̀: elésè àlùkò tọ́ọ̀nù 1, àwọ̀ ewé 2, ìyeyè 3, eérú 4, pupa 5. Agbára yẹn, ìgbà tó bá so rọ̀ tààrà ni. Bí bẹ́líìtì méjì bá gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ pàdé lókè, bí wọ́n bá ṣe ń tẹ́ sílẹ̀ ni ìyà wọn ń pọ̀ sí i. Ẹrù tọ́ọ̀nù 3, tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá dúró ní 60 dígírì sí ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi tọ́ọ̀nù 1.7. Tí ó bá tẹ́ dé 30 dígírì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa gbé odindi tọ́ọ̀nù 3. Ẹ jẹ́ kí bẹ́líìtì gùn, kí ó ga, kí ẹ sì má jẹ́ kí ó kọjá lórí etí irin láìfi nǹkan rọ̀ ọ́. Aṣọ kékeré tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí tí wọ́n rán mọ́ ọn, tí kò bá sí mọ́, ẹ gé bẹ́líìtì náà sí méjì kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Èyí tí ẹ lò lọ́jọ́ náà, ẹ gé e pẹ̀lú.

Lọ́rì náà wá ńkọ́? Mi ò ní jẹ́ kí ó gbé ohunkóhun títí tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹsẹ̀ tó rì lè ti tẹ̀ láàárín níbi tí ojú ò ti lè rí i. Àwọn ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ nídìí òpó àti bóòtù tó so kréènì mọ́ ṣáṣì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ mọ́ kí wọ́n sì wò bóyá ó ti sán. Òfin Factories Act ti Nàìjíríà ti là á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí máa yẹ kréènì wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́rìnlá, kí ṣéènì, okùn àti ohun ìgbẹ́rù sì máa gba àyẹ̀wò láàárín oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Tòkunbọ̀ tó ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá tó sì ti fẹ́ yí, mi ò ní dúró de oṣù mẹ́rìnlá kankan.

Ní ti ilé yẹn, torí ẹ ṣì máa gbé jẹnẹrétọ̀ náà wọlé: ṣé ẹ ti wọn ẹnu gáàtì? Jẹnẹrétọ̀ 250 kVA tó ní ilé ara rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, gáàtì tí mọ́tò ń gbà wọlé sì máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́rì dúró síbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti lè jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdí títì, kí ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ sẹ́bàá lọ́rì níbi tí ẹ̀rọ yín ti lágbára, láàárín mítà 2.5 sí òpó, kí ẹ tó fi páìpù irin yí i wọlé lórí pákó pẹ̀lú tírífọ̀ (ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń fi okùn irin fa ẹrù). Ó lè gbà yín ní odindi ọ̀sán, owó iṣẹ́ àwọn ọmọ náà á sì pọ̀ díẹ̀. Tí ilẹ̀ inú ọgbà bá dagun, ẹ so tírífọ̀ kejì sẹ́yìn kí ó má bàa yọ̀ lọ bá ògiri.